Ilẹ̀kùn Tí Ọmọ Yín Fẹnu Ṣí

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ dé ẹ̀yìnkùlé láìdi ara ògiri mú? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí ibùsùn, kí ìgò ojú yín sì wà nítòsí, nítorí pé ó gùn. Ní tiwa, ara wa le koko. Àwọn ọmọ ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ oúnjẹ jíjẹ. Ọmọ yín, ìyàwó mi, náà wà dáadáa. Ó ní kí n kí yín, àmọ́ ó ní òun kò ní fọwọ́ kan lẹ́tà yìí títí n ó fi kọ ọ́ tán.

Ìròyìn tó dára jù ni kí n kọ́kọ́ sọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn fún àbíkẹ́yìn wa, tó pé ọmọ oṣù méjìdínlógún. Kò sí kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì náà nìyẹn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka èsì náà lọ́wọ́, ọmọ náà já ìwé gbà, ó sì fi í sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún yín láti ọdún méjì ó lé. Ẹ rántí ìgbà tí ọmọ yín dédé wọlé tọ̀ yín wá pẹ̀lú ọmọ méjì àti báàgì kan, tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ yín. Ẹ kò bi í, ẹ kò sì bi mí. Òun náà kò sọ. Nígbà tó padà sílé, ó sọ fún mi pé, "Ìwọ lo máa sọ fún màmá. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́, mi ò sì ní bá ẹ bò ó." Mo ní mo ti gbọ́. Láti ìgbà náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ti fi ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nu gọ́ọ̀mù pákó ọwọ́ mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ fi ṣe olùkọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ fi bírò pupa fà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ wà nínú rẹ̀. Bí a bá dé ibẹ̀, n ó kìlọ̀ fún yín, kí ẹ lè fojú fò ó.

Ẹ mọ̀ pé ìgbà oyún àkọ́bí wa ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà wà lára àwa méjèèjì. Ẹ̀yin la kọ́kọ́ sọ fún, ẹ̀yin lẹ sì sọ pé àìlo oògùn nìtìjú, lílò ó kì í ṣe ìtìjú. Nígbà tó bí ọmọ kejì, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn fà sí i lára. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí ǹ bá gbé e sí. Bó ṣe bọ́ níbẹ̀, a jọ fẹnu kò pé ọmọ méjì tó. Ó lọ sí yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí, wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín méjì sábẹ́ awọ apá rẹ̀, wọ́n ní ọdún márùn-ún ni yóò fi dáàbò bò ó. A gbà wọ́n gbọ́, a sì sinmi.

Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ọmọ yín wọ ibi iṣẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ń ṣe ilẹ̀kùn fún ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́. Aṣọ iṣẹ́ ilé búrẹ́dì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹ̀fun sì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó dúró sáàárín èérún igi. Mo pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Mo ti ṣàyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì. Oyún ni." Ohun tó jáde lẹ́nu mi, màmá, ni pé, "Ta ló bá ẹ yọ ọ̀pá yẹn?" Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yé e, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sí mi, ó ní, "Fọwọ́ kàn án." Mi ò fọwọ́ kàn án.

Kí n má tan yín, mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa, ó sì sọ nínú pálọ̀ wa pé ilé tí kò lọ́mọkùnrin, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọmọ yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé sọ́kàn. Mo ní ó ti yọ́ lọ yọ ọ̀pá náà kó lè wá ọmọkùnrin láìjẹ́ kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló bà mí. Mo rí ara mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ẹ̀rù náà gbé ẹ̀wù ìbínú wọ̀, mo sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Mo pe ọmọ yín ní ẹlẹ́tàn lójú oníbàárà kan tó wá wọn fèrèsé. Ó sọ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, gbogbo àwo ti mọ́, ibùsùn àwọn ọmọ sì ṣófo.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìwé yín dé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́: "Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń jẹun, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ìwọ ńkọ́?" Ká ní ẹ bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi wí àwíjàre. Ọmọ yín ló máa ń gbé oògùn tèmi pẹ̀lú ife omi síwájú mi ní agogo mẹ́jọ. Láti ọjọ́ tó ti lọ, mi ò tíì fẹnu kàn án. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti wá omi, tí mo sì lò ó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgboyà mi tó kó ara rẹ̀ jọ. Ẹ rántí bí mo ṣe dé: ẹ gbé àga fún mi, ẹ gbé omi fún mi, ẹ sì ní ẹ fẹ́ lọ wo aṣọ tí ẹ sá sẹ́yìnkùlé, òjò sì ń rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ṣé. Lẹ́yìn tí ẹ jáde ni mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án báyìí?" Ó na apá náà. Mo fi ìka wá a, mo sì bá wọn níbẹ̀, méjèèjì, bí ìṣó tí orí rẹ̀ ti wọnú pákó. Ó ní, "Ṣé o ti rí wọn?" Mo ní mo ti rí wọn. Ó ní, "Ṣé o rò pé wọ́n lè jáde lọ najú, kí wọ́n tún padà wọlé?" Mo mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Dìde, ilẹ̀ tútù." Bó ṣe dárí jì mí nìyẹn. Kò mẹ́nu kàn án mọ́, àfi ìgbà tó bá fẹ́ kí n tètè tún nǹkan ṣe nílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú rẹ̀. Ó ní bí ọ̀pá bá wà lápá, tí oyún sì wà níkùn, ó yẹ kẹ́nìkan lè sọ ìdí rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn wa, yàrá tí a ti ń gba oògùn HIV àti yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí fara ti ara wọn, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Síbẹ̀, kí o tó ti ọ̀kan dé èkejì, o ní láti jáde síta, kí o gba ẹ̀yìn táńkì omi, kí o yí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ po, kí o wá to ìlà tuntun pẹ̀lú káàdì mìíràn. Lórí ìlà kejì yìí, aládùúgbò rẹ wà níwájú, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń là á sọ pé òun ń lo oògùn HIV. Nọ́ọ̀sì tó fi ọ̀pá sí ọmọ yín lápá kò bi í, òun náà kò sì sọ. Nígbà tó wá lọ béèrè ohun tó fà á, yàrá kan ní, "Kò sóhun tí kì í kùnà, Ọlọ́run ló mọ̀." Yàrá kejì ní, "Oògùn la mọ̀ níbí, lọ bi àwọn tọ̀hún." Ó yí táńkì omi yẹn po lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé ohun tí ènìyàn kò bá tíì kà, kó má sọ pé ó pọ̀. Kíkà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ nílé búrẹ́dì: bí páànù kan bá dín búrẹ́dì kan, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ó mú ìwé kékeré kan dání lọ síbi tí a ti ń dúró gba oògùn. Ó ń jókòó ti àwọn obìnrin lórí bẹ́ńṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé: Ṣé o ní ọ̀pá lápá? Oògùn wo lò ń lò? Ṣé o ti lóyún lórí rẹ̀? Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ìlà ló ń fà. Obìnrin kan tó ń sin adìyẹ, tí ikùn tirẹ̀ náà ti yọ, ló kọ́kọ́ fẹnu sí i dáadáa. Ó ní, "Mo rò pé èmi nìkan ni. Ọkọ mi ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Nígbà tí ọmọ yín sọ èyí fún mi nílé, mo wá nǹkan wò lórí ilẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti fa ìlà fún obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ní ọ̀pá lápá, tòun náà wà níbẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ń lo oògùn tí èmi àti òun náà ń lò nígbà náà, èyí tí a máa ń lò kí a tó sùn, tó máa ń mú ni lálàá bíi sinimá. Mo ti lálàá rí lórí oògùn yẹn pé àga tí mo kàn ń bú mi. Nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yìí, márùn-ún ti lóyún, pẹ̀lú ọmọ yín fúnra rẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù, tí oògùn tiwọn yàtọ̀, kò sí ìkankan tó lóyún. Ó gbé ìwé náà síwájú mi lórí tábìlì. Mi ò mọ̀ nípa oògùn, ṣùgbọ́n mo mọ pákó tó wọ́ bí mo bá rí i.

Ó gbé ìwé náà lọ bá nọ́ọ̀sì yàrá oògùn. Sista Má-jókòó là ń pè é, torí pé láti ọjọ́ tí a ti ń lọ síbẹ̀, orí ìdúró ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi ọwọ́ kan lé èrò bó ṣe ń fi èkejì kọ̀wé. Ó gba ìwé náà kí ọmọ yín lè tètè kúrò níwájú rẹ̀. Ó ka ojú kan, ó ṣí ojú kejì, ó sì fa àga, ó jókòó. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Dókítà yẹn ṣe ẹ̀tọ́. Ó ní, "Oògùn àṣálẹ́ tí ẹ ń lò yìí máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè da oògùn inú ọ̀pá náà nù kó tó ṣiṣẹ́ tán. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá náà dáa, oògùn náà dáa. Wọn ò kàn gbọ́ ara wọn ni." Ọmọ yín bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?" Kò parọ́. Ó ní, "A mọ̀ ọ́n nínú ìwé. A ò mú un dé yàrá." Ó ní kí obìnrin kankan má tìtorí ìyẹn dá oògùn rẹ̀ dúró, kó má sì dá lọ yọ ọ̀pá; kó wá sọ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi kọ́ńdọ̀mù kún un, tàbí kí wọ́n bá a pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì, torí pé oògùn HIV tuntun kan wà tí òun àti ọ̀pá kì í bára wọn jà.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn ni kò gbà. Ọkùnrin kan ni, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán bíi dígí. Ó ní ìlà tí wọ́n fà lórí bẹ́ńṣì kì í ṣe ìwádìí, ó sì bi Sista Má-jókòó bóyá ẹni tó ń ka búrẹ́dì ló kù tó máa wá kọ́ àwọn níṣẹ́. Dókítà ní ìpàdé ilé ìwòsàn àti àwọn ará àdúgbò ti sún mọ́lé, ibẹ̀ ni kí ọmọ yín ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wé mọ́ ọn, màmá. Bó bá sọ̀rọ̀ nípa oògùn, ó ti sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ó sì ti sọ̀rọ̀ nípa mi. Àyàfi ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó mọ̀ níta ilé ìwòsàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó ń wọṣọ níwájú dígí, mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Mo ní, "Ṣé ẹlòmíràn ò lè bá wa sọ ọ́ ni?" Ó ní, "Ta ni?" Mo ro ti obìnrin aládìyẹ, mo ro ti àwọn mẹ́ta yòókù, mo ro ti ohun tí ojú wọn lè rí nílé. Mo ro ti àwọn oníbàárà tèmi náà. Mi ò rí ẹni tí mo lè dárúkọ. Mo wọ ṣòkòtò mi, mo tẹ̀lé e.

Gbọ̀ngàn náà kún. Onílé wa wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́rin tí mo ti kan ilẹ̀kùn fún wà níbẹ̀. Fáànù kan ń ké lókè bí ẹni tí ìdí ń dùn. Ọmọ yín dìde, ó gbé ọwọ́ kan lé oyún oṣù mẹ́jọ, ó fi èkejì di ìwé rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ káàsán o. Mo ní kòkòrò HIV, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ara mi le, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀pá ìfètò-sọ́mọ-bíbí méjì wà lápá mi, ọmọ sì wà níkùn mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ nínú wa, kó bí i nígbà tó fẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó bá a lójijì."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn ní, "Ìyàwó, ta ló rán ẹ wá? Ṣé ọkọ ẹ mọ̀ pé o wà níbí?" Màmá, ẹsẹ̀ mi ló dìde, èmi kàn bá wọn lọ ni. Mo ní, "Èmi lọkọ ẹ̀. Oògùn kan náà la jọ ń lò. Èmi náà ò gbà á gbọ́ nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo sì ti rí ohun tó kó bá mi. Ẹ gbọ́ tiẹ̀." Ọ̀gá fẹ́ fèsì, ni obìnrin aládìyẹ bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, láìdìde, pé, "Ẹ jẹ́ kó ka ìyókù." Ọ̀gá wá àga rẹ̀. Ọmọ yín ṣí ìwé, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ẹ̀yin lẹ bí i lóòótọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnìkan dá ilẹ̀kùn tí mo ṣe fún un padà, ó ní òun ti rí èyí tó wu òun níbòmíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹlòmíràn ti rà á, ó sì ní kí n ṣe fèrèsé méjì tì í. Ní ilé búrẹ́dì, ọ̀gá ọmọ yín gbé àpótí ìjókòó wá síbi tó ti ń kà, pé kó má máa wà lórí ìdúró mọ́. Kò ju oṣù méjì lọ, oògùn tuntun dé fún àwọn obìnrin tó ní ọ̀pá, wọ́n sì fún àwa ọkọ náà. Láti ìgbà náà ni àga ti jẹ́ kí n sùn.

Ìbí náà ti ṣáájú oògùn yẹn dé. Dókítà ti fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sílẹ̀ dè é láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. A kò lò ó. Wákàtí mẹ́fà péré, ọmọ dé, ìyá ní ebi ń pa òun. Obìnrin ni, bí ẹ ṣe mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá wò wá, ó ní kò burú, a ó tún gbìyànjú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé wa ti dúró bó ṣe wà yìí, kò mì." Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ibi tí mo ní kí ẹ fojú fò nìyí. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ro gbogbo ohun tí ara ọmọ yín ti gbà torí àwa méjèèjì: oyún mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀, ọ̀pá méjì, abẹ́rẹ́ tí mi ò lóǹkà rẹ̀. Kí ni ara tèmi ti gbà? Mo lọ bá dókítà. Ó ní àwọn lè gé iṣan tín-ín-rín tí irúgbìn ọkùnrin ń gbà, kí wọ́n sì dí i, kò ní gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ohun gbogbo yóò sì wà bó ṣe wà. Ó ní èyí kò dí kòkòrò lọ́nà, nítorí náà oògùn wa kò gbọ́dọ̀ dúró, kọ́ńdọ̀mù sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé ọ̀nà ti dí. Ọmọ yín ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú? Mi ò ní kí o ṣe é o." Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo sì rìn délé bí ẹni tó kó ẹyin sápò ṣòkòtò.

Oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní wọ́n ti tẹ káfíńtà lọ́dàá. Mo ní òbúkọ ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá. Tèmi, ọ̀nà ni wọ́n tì, ilé ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó yọ́ wọlé wá bá mi pé òun fẹ́ ra ìṣó. Ó di ìṣó mẹ́ta mú lọ́wọ́ fún wákàtí kan gbáko, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Kò sí HIV lára tirẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ márùn-ún ni wọ́n ní. Òun náà ti lọ ṣe é. Nínú àwọn tí mo mọ̀, ọkùnrin mẹ́fà ló ti lọ. Oṣù mẹ́ta tèmi pé, àyẹ̀wò dára, ọmọ yín sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ̀pá méjèèjì lápá òun.

Ó ku ìròyìn kan. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwòsàn fi bàtà dídán rẹ̀ tẹ èérún igi wọ ibi iṣẹ́ mi. Ó ní, "Káfíńtà, mo fẹ́ ilẹ̀kùn." Mo ní irú èwo, níbo ni yóò sì wà? Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyàwó ẹ mọ ibi tó yẹ kó wà." Wọ́n ti pinnu láti lu ògiri àárín yàrá méjì yẹn. Bíríkìlà lu ògiri, èmi kan férémù, ọmọ yín sì wá dúró tì mí lẹ́yìn iṣẹ́, ó ní kí n fẹ̀ ẹ́ sí i, pé aboyún kì í fẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó ní kó lè tì dáadáa, kí ohun tí ènìyàn bá sọ nínú yàrá má bàa jáde sórí ìlà. Káàdì méjì ti di ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀sì yàrá méjèèjì ń ka káàdì kan náà, ìbéèrè tí wọ́n sì kọ́kọ́ ń bi ènìyàn ni oògùn tó ń lò. Wọ́n ti fún ọmọ yín ní tábìlì kan níbẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó lè máa bá àwọn ẹni tuntun sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dúró síbẹ̀ láti wò ó bóyá ìdè tó so ó mọ́ férémù yóò ké. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á kọjá ni ìyàwó kékeré kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa. Àwọn méjèèjì ń lo oògùn, wọ́n sì fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ, kó má bàa jẹ́ pé ìgbà tí ìyàwó náà ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ni oyún yóò dé. Wọ́n gba oògùn ní yàrá kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sí yàrá kejì, wọ́n sì jáde pẹ̀lú kọ́ńdọ̀mù, ìmọ̀ràn àti oṣù tí wọ́n fẹ́ padà wá. Ọmọ yín bi í pé, "Ṣé kò nira?" Ìyàwó náà wò ó, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní, "Kí ló máa nira níbẹ̀? Ṣebí ilẹ̀kùn ni." Kò mọ̀ pé ògiri wà níbẹ̀ rí.

Màmá, ohun tí mo fi pamọ́ ti jáde. Ẹ dárí jì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àti fún ọdún méjì tí mo fi dákẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ kò béèrè. Ẹ ṣé tí ẹ bí ẹni tó ń béèrè. Ẹ ó pẹ́ fún wa nínú ọlá àti àlàáfíà. Ojú yín yóò máa rí rere lára gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ tọ́, ọmọ-ọmọ yín yóò sì máa gbé oúnjẹ síwájú yín pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ìròyìn búburú ránṣẹ́ síra wa.

Èmi ni ọmọ yín, ọkọ ọmọ yín,

Káfíńtà.

Àfikún: Ọmọ yín ti ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti sọ pé mo sunkún nígbà tí ìyàwó kékeré yẹn sọ̀rọ̀. Mi ò sunkún. Iṣẹ́ igi la wà níbẹ̀ ṣe, eruku sì ń fò. Ó ní kí n sọ fún yín pé ilé ẹ̀kọ́ yóò gba ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, gbogbo wa máràrùn-ún là ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má lọ ká aṣọ nínú òjò torí mi.